Ìdọ̀bálẹ̀ Nílé Oúnjẹ Mẹ́síkò

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ kẹrin rèé tí Rashidat ọmọ mi ti ń sùn lórí àga gígùn mi. Ojú òsì ti ń là díẹ̀díẹ̀. Lánàá ó pọ́n, lónìí ó ti dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń di àwọ̀ ewé. Mo di yìnyín sínú tówẹ̀lì, mo gbé e lé e. Kò ké. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé kò ké. Ọmọ tí dókítà kì í gún lábẹ́rẹ́ kí gbogbo àdúgbò má gbọ́.

Ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta. Ó kà á fún mi. Torí pé ọkọ rẹ̀ pè é níbi iṣẹ́, kò tètè gbé fóònù.

Ẹlẹ́rìn-ín — orúkọ tí mo sọ ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn, mi ò pè é síta rí. Muhideen ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀rín nígbà gbogbo. Eyín funfun báláú. "Ẹ kú iṣẹ́ mà, Mummy, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo fẹ́ fi òkúta fọ́ àwọn eyín yẹn níkọ̀ọ̀kan, kó máa kà á bí ọmọ mi ṣe ka ẹ̀ṣẹ́. Mo kọ ọ́ síbí. Ìwé ò lẹ́nu.

Ọjọ́ Jímọ̀, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Alhaji Àjàlá pè. Àbúrò bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ni, ó ń gbé Mariners Harbor ní Staten Island, òun ni olórí ẹbí wọn nílùú yìí. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní kí n má bínú, ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń rẹ́.

Eyín ló ń gé ahọ́n jẹ, Alhaji. Mi ò tíì rí ahọ́n tó gé eyín jẹ. Mi ò sọ ọ́ sí i létí, ibí ni mo ń sọ ọ́ sí.

Ó ní ká pàdé lọ́jọ́ Àìkú, kí Muhideen wá bẹ̀bẹ̀. Mo ní ilé mi ní Soundview ń kọ́? Ilé òbí ìyàwó ni wọ́n ti ń bẹ òbí ìyàwó. Ó ní rárá, ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, aládùúgbò á gbọ́. Ó ti yan ibì kan: ilé oúnjẹ Mẹ́síkò nínú ilé ìtajà ńlá ní Bronx níbí, ọ̀kan lára àwọn tó ní ẹ̀ka káàkiri Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ya fìlà gbàgẹ̀rẹ̀ sójú pátákó rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa lè pariwo níbẹ̀," ló wí.

Mo gbà. Kí ló ṣe mí tí mo gbà?

Rashidat gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga. Mo bi í bóyá ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Canarsie, Brooklyn. Ó ní òun ò mọ̀. Tí òun bá kọ̀, wọ́n á ní òun ló fọwọ́ ara òun tú ilé òun ká. "Mummy, ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ ni màá ṣe." Ó yíjú sógiri.

Ó gbé e lé mi lórí báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Mo pọ́n ọ̀bẹ kékeré. Rashidat bi mí pé kí ni mo fẹ́ gé, mo ní alùbọ́sà.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má baà purọ́ fún ara mi tó bá yá.

Aago méjì ọ̀sán. Ọ̀bẹ wà nínú báàgì mi, mo fi gèlè àtijọ́ wé e. Èrò mi ni pé tí Ẹlẹ́rìn-ín bá gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ mi lójú mi, màá gún un. Mi ò ronú kọjá ibẹ̀.

Wọ́n ti débẹ̀ ṣáájú wa. Alhaji wọ agbádá funfun, ó jókòó sáàárín àga pupa àti orin tó ń dún bí ẹni ń lu agolo. Ẹlẹ́rìn-ín dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ bá mi gba báàgì. Mo dì í mú. Kí n tó wá ibi jókòó, ó ti fa Rashidat sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, síbi ògiri, níbi tí kò ti lè jáde àfi tí òun bá dìde.

Oúnjẹ náà ńkọ́. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń rí ìpolówó irú ibẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n — àwo irin tó ń ké fààà, èéfín, ẹran tó ń dán. Nígbà tí Rashidat wà nílé ìwé, ó máa ń bẹ̀ mí pé ká lọ, mo máa ń ní ká jẹ́ kó di ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan náà rèé. Àwo irin dé, kò ké. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ. Àdìyẹ gbẹ bíi kànrìnkàn. Ata wọn ò ta, omi tòmátì lásán. Wọ́n lọ ẹ̀wà kúná bí oúnjẹ aláìléyín, wọ́n wá da ṣíìsì bò ó. Mo bi obìnrin tó ń gbé oúnjẹ bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀wà náà. Ó lọ, ó bọ̀. "I think you're good." Ó *rò* bẹ́ẹ̀. Mo ti àwo sẹ́yìn. Àgbàdo díndín pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá ni mo ń rún bí ewúrẹ́.

Alhaji ń jẹ, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ìṣòro ọ̀dọ́ ni. Ó ní ìbínú ló ń ṣe Muhideen, pé bàbá rẹ̀ náà bínú báyìí kó tó gbọ́n. Ẹlẹ́rìn-ín ń ṣa ẹran sínú àwo Rashidat, "Jẹ èyí, ìfẹ́ mi, èyí rọ̀." Ẹ̀rín. Rashidat kò gbójú sókè.

Bébà ìnuwọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Lábẹ́ tábìlì, ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín wà lórí itan ọmọ mi. Kò fọwọ́ pa á. Ó fún un. Mo rí èékánná rẹ̀ nínú aṣọ, mo rí i tí ẹsẹ̀ ọmọ mi ń gbọ̀n. Lókè tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo rí i. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo *rí* i kó tó dọ̀bálẹ̀.

Mo jókòó padà. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi tú u síta. Ìgbà yẹn gan-an ni Alhaji ní, "Ó yá, Muhideen." Ó dìde, ó jáde sáàárín ọ̀nà, ó sì nà gbalaja. Àyà àti ojú nílẹ̀, lórí táìlì tí ọtí dídùn ọmọdé ti rẹ́ mọ́, láàárín ilé oúnjẹ Mẹ́síkò. "Mummy, mo jẹ̀bi. Ẹ dárí jì mí."

Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun, ibẹ̀ ń dán. Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì. Mo ti fọwọ́ kan gèlè náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré, mo mọ ibi tí ó máa wọlé.

Ẹni tó bá ti ìlú tiwa wá mọ òfin rẹ̀. Ọkọ tó dọ̀bálẹ̀ báyìí kò ní dìde àfi kí òbí ìyàwó ní kó dìde. Ọjọ́ tó o bá sì ti la ẹnu, tó o ní "dìde", ó parí. O ti dárí jì í, o ti dá ọmọ rẹ padà. Kò sí pé o tún sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí n ṣe ni kí n pa ẹnu mi mọ́.

Àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n pa á mọ́. Ní tábìlì kejì, wọ́n ń kọrin ọjọ́ ìbí, wọ́n dé ọkùnrin kan ní fìlà gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kígbe. Ọ̀gá wọn sáré dé pẹ̀lú yìnyín nínú ọ̀rá, ó kúnlẹ̀ ti Ẹlẹ́rìn-ín, "Sir, is it your chest?" Ẹnì kan ti ń pe 911. Àwọn kan ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń yà wá. Gbogbo ojú, gbogbo ojú yẹn. Ojú tì mí débi pé ara mi ń yún mí.

Mo ní, "Dìde. Dìde kíá."

Alhaji: "Alhamdulillah. Ìyá ti sọ̀rọ̀." Ó gba ọwọ́ Rashidat, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fà á lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo fà á lé e. Rashidat wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wọ́n fi oúnjẹ tó kù sínú páálí funfun, wọ́n gbé e fún mi. Mo gbé e délé.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Rashidat kó ẹrù rẹ̀. Báàgì méjì. Ẹlẹ́rìn-ín gbé e sínú mọ́tò, ó ń súfèé.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fá irùngbọ̀n Bàbá Rédíò lónìí. Bàbá arúgbó tí mò ń tọ́jú ni, òyìnbó, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, rédíò rẹ̀ kì í sinmi. Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè fún mi pẹ̀lú ìfọkàntán, mo sì rí ọrùn ẹlòmíràn. Abẹ yẹ̀. Mo gé e díẹ̀. Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Mo lọ sunkún nílé ìwẹ̀ rẹ̀, mo ṣí omi kó má baà gbọ́.

Bàbá Rashidat náà — Ọlọ́run ti pa á, kí ó máa sùn níbi tó wà. Ní Abẹ́òkúta, ó fi ìdí àga lu mí lórí, àpá rẹ̀ wà lábẹ́ ìbòrí mi dòní. Ìgbà mẹ́fà ló dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Ìyá mi fẹ́ràn ìdọ̀bálẹ̀. Ojú rẹ̀ á là, á ní, "Dìde, ọkọ ọmọ mi, ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́." Ìgbà mẹ́fà. Mo búra pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ mi láéláé.

Páálí funfun ṣì wà nínú fíríìjì. Mo gbé e dà nù, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọnú garawa títí ó fi fọ́ wẹ́wẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Mo pe Rashidat. Ó ní dáadáa lòun wà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Lónìí ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín, mo ń ṣe bí ọ̀gá ilé oúnjẹ yẹn, "Sir, is it your chest?", mo ní bóyá ẹ̀wà wọn ló gbé e ṣubú. Mo ní wọn ì bá kúkú dé e ní fìlà náà, kí wọ́n kọrin fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ìgbà wo ni mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn? Lójijì ó ní òun á pè mí padà. Kò tíì pè.

Ọjọ́ Jímọ̀, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé ìwòsàn kan ní Brooklyn ló pè mí, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo fi Bàbá Rédíò sílẹ̀ fún Doyin tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin 6, mo wọ L, mo dúró ní gbogbo ọ̀nà bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà.

Ìka méjì. Èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, àti ti àárín, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹlẹ́rìn-ín fi ọwọ́ Rashidat sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí i. Ó tún tì í. Eegun yọ. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn níwájú aṣọ.

Mo bi í pé kí ló fà á. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹlẹ́rìn-ín wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń bá mi rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, fìlà, ẹ̀wà, àyà. Ọjọ́ méjì ni kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yìí ló ní, "Èmi tí mo nà sílẹ̀ fún ìyá rẹ, èmi lẹ ń fi ṣẹ̀sín?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ni. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní "dìde." Ìgbà kejì, mo ṣẹ̀fẹ̀. Ìka ọmọ mi méjì.

Nọ́ọ̀sì bi í léèrè. Ó ní ilẹ̀kùn ni. Mo ní ilẹ̀kùn kì í di èèyàn lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Her husband did it. Write it down." Mo sọ ọ́ sókè, gbogbo yàrá gbọ́, gbogbo wọn wò mí. Ojú ò tì mí rárá. Kí ló dé tí ojú fi tì mí nígbà yẹn?

Ọlọ́pàá wá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n lọ sílé, kò sí níbẹ̀. Ó ti sá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ìka rẹ̀, Rashidat wà lórí àga gígùn. Mo fi ṣíbí bọ́ ọ.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹsàn-án

A lọ sí kóòtù. Adájọ́ fún Rashidat níwèé: Muhideen ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ pè é, kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé mi. Bébà kan péré. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́rin, mo lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo fún Christina ní ọ̀kan, aládùúgbò tí ilẹ̀kùn wa jọ dojú kọra. Ó kà á, ó dì mọ́ mi. Ó ní òun ti ní irú ìwé yẹn rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹwàá

Alhaji pè. Omi àmù ti hó. Ó ní mo gbé ọmọ àwọn lọ sí kóòtù òyìnbó, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ní a kì í ti yàrá iṣẹ́ abẹ náà bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó wá ní, "Ìyáa Rashidat, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kó dìde?"

Mo pa fóònù. Mo sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ojú rẹ̀ ti là sí méjì, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Mo bá Rashidat dirun. Mo bi í léèrè lónìí, mi ò tún dúró kó gbé e lé mi lórí: kí ni *ìwọ* fẹ́? Ó ní, "Mi ò fẹ́ padà, Mummy. Ọjọ́ tá a lọ jẹun yẹn gan-an, mi ò fẹ́ padà."

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹwàá

Màá kọ ọ́.

Aago kan ọ̀sán. Mò ń gé ilá, Rashidat ń fi ọwọ́ òsì ka nǹkan lórí fóònù. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo yọjú nínú ihò. Ẹ̀rín. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kékeré ni." Mo ní kó máa lọ, mo ní ìwé wà. Ó ní ìwé kì í ṣe Kùránì.

Ó wá ta ilẹ̀kùn nípàá. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, àgádágodo já, ẹ̀wọ̀n nìkan ló kù tó di ilẹ̀kùn mú. Apá rẹ̀ wọlé láàárín, títí dé ìgúnpá, ó ń wá nǹkan tí yóò mú. Rashidat ti sáré wá láti bá mi ti ilẹ̀kùn. Irun tí mo dì fún un lọ́jọ́bọ̀ ló bá lọ́wọ́. Ó fà á. Orí ọmọ mi kan igi ilẹ̀kùn, gbì. Ó tún fà á. Gbì. Ẹ̀jẹ̀ jáde ní iwájú orí rẹ̀, ó ń ṣàn wọ ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san.

Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀bẹ ọjọ́ yẹn náà ni. Mo wò ó. Mo rí ọrùn, mo rí kóòtù, mo rí Rashidat tó ń wá mi wò lẹ́yìn irin. Mo sọ ọ́ sínú ilá. Ọmọ odó ni mo gbé.

Mo lù ú lọ́rùn ọwọ́. Kò tú u sílẹ̀. Mo tún lù ú, mo fi gbogbo ọdún tí mo lò ní ilé bàbá Rashidat lù ú, mo gbọ́ tí eegun ró kọ́. Ọwọ́ ṣí. Ó fa apá rẹ̀ jáde, ó ké bí ẹran. Mo tún lu ilẹ̀kùn tó ṣófo. Mi ò lè dáwọ́ dúró. Rashidat ló di apá mi mú.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn Christina níta, ó ń bá 911 sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn àwọn ará ilé ń ṣí. Mo wò láàárín ẹ̀wọ̀n.

Ó ti dọ̀bálẹ̀.

Ó nà gbalaja nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ tó kán wà lábẹ́ rẹ̀, ojú nílẹ̀. "Mummy, mo jẹ̀bi. Ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ̀rọ̀, mà." Ó mọ òfin. Ó ti rí i pé ó ṣiṣẹ́ rí.

Mo yọ ẹ̀wọ̀n, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mo dúró lókè orí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ odó. Ẹ̀yìn ọrùn kan náà. Àwọn ará ilé yọrí, ogún ojú tàbí jù bẹ́ẹ̀, fóònù ti gòkè. Ọkùnrin kan ní àjà kejì ń bi mí bóyá ara ẹni tó wà nílẹ̀ yìí yá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi, mo bú Ọlọ́run tó dá ọ̀fun mi, ó ti dé orí ahọ́n. Àṣà ni. Wọ́n fi bọ́ mi ni. Ìyá mi wà nínú rẹ̀, ìgbà mẹ́fà.

Rashidat wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sí ilẹ̀, ọ̀kan bọ́ sẹ́yìn ẹ̀wù Ẹlẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo ẹnu mi.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ̀rọ̀."

Mo gé ahọ́n mi jẹ. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá, Christina ló wo aago. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi wà nílẹ̀ níwájú gbogbo ilé, ó ń bẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń bú, lẹ́yìn náà ó ń sunkún. Ojú ò tì mí. Ọlọ́pàá méjì gun òkè wá, ọ̀kan yọ ẹ̀wọ̀n ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i.

Ọlọ́pàá ló ní kó dìde. Èmi ò sọ ọ́.